Àmín Oníbodè

Ọjọ́ tí wọ́n pe oníbodè sí ààfin ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ogun tó ti ń jà láàárín àwọn ìlú ti dáwọ́ dúró, àwọn ọba ti bára wọn mulẹ̀ pé kò ní sí ìjà mọ́, ọ̀nà tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ sì ti ń padà di ojú ọ̀nà. Àwọn èrò tó ń ru iyọ̀, awọ àti aṣọ wá láti ọ̀nà jíjìn ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa ronú ikú?

Oníbodè wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tó ní. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì tò bí eyín ọmọdé. Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pe ìyàwó náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti gbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ mì, kò sì sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbàgbọ́ nínú àwọn méjèèjì, nígbà tí àwọn oníwàásù gba ìlú náà kọjá tí wọ́n sì fi ilé àdúrà kékeré kan sílẹ̀ lẹ́bàá odi. Ní ti ọkọ rẹ̀, ńṣe ló tẹ̀ lé e débẹ̀ bí ẹni tó tẹ̀ lé òórùn ọbẹ̀ dé ilé ìdáná. Kò mọ ìgbà tóun jókòó.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, wọ́n kọ́ ọ mọ́ ara odi lápá ọ̀tún ẹnubodè. Láràárọ̀, kí oníbodè tó gbé ìdábùú ilẹ̀kùn, òun àti ìyàwó rẹ̀ á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Aránṣọ ló máa ń gbàdúrà, ọkọ a máa ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó tó la ẹnu, á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni ojú rẹ rí lánàá?" Oníbodè á wá máa rò ó. Arúgbó kan fi ẹsẹ̀ wọ́ wọlé. Àwọn alárù méjì ń bá ara wọn jà nítorí òṣùká. Ọkùnrin kan jáde láàárọ̀, kò sì wọlé padà. Gbogbo rẹ̀ ni Aránṣọ á kó síwájú Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ká aṣọ sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dìde, oòrùn á ti yọ, kùrukùru tó máa ń bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ níwájú odi á sì ti ká kúrò. Oníbodè á gun orí odi, á wo ọ̀nà títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, á sì wá ṣílẹ̀kùn.

Ohun tó gbé e dé ààfin nìyẹn.

Ààfin náà tutù, ó ń ta sánsán òróró àti awọ tuntun. Ọba jókòó lórí àga gíga tí wọ́n fi awọ pupa bò, àwọn ìjòyè tò sí ọ̀tún àti òsì nínú aṣọ tó ń fọ́nná. Olórí àwọn oníṣòwò ló wà níwájú wọn. Ọkùnrin bàǹtà-banta ni, tí ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká, aṣọ àrán tó wọ̀ sì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó foríbalẹ̀, ó dìde, ó nu eruku kúrò níwájú orí.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn odi wa làwọn èrò ń sùn, ìrì ń pa wọ́n. Nílùú kejì, bí àkùkọ bá ti kọ, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Àwa ńkọ́? À ń dúró de ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán! Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í sì í tán bọ̀rọ̀."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Oníbodè náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe nírú ibi bẹ́ẹ̀.

"Oníbodè," ni ọba wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n kùrukùru yẹn..."

"Kùrukùru kì í ṣe ogun," ni olórí oníṣòwò wí.

"Ogun ti lọ," ni ọba wí. "Láti ọ̀la lọ, bí àkùkọ bá ti kọ, ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kó wá àyè tí kò ní dí ará ìlú lọ́wọ́."

Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa korò jù lẹ́nu rẹ̀, ọba ní kí wọ́n fún oníbodè ní ẹ̀wù àwọ̀lékè pupa kan àti fèrè tí wọ́n fi ìwo ẹranko ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà, kò tí ì wọ aṣọ pupa rí. Nígbà tó ń padà sílé, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ń yà fún un lójú ọ̀nà.

Aránṣọ yí ẹ̀wù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo etí rẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn.

"Ó yẹ ọ́," ló wí. "Wọn ò rán ìdí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó yẹ ọ́. Kí ni wọ́n sọ?"

Ó sọ fún un. Ìyàwó náà fi ìka ra ìdí ẹ̀wù náà.

"Ó dáa. Ọba ní kó o tètè máa ṣílẹ̀kùn. Kò ní kó o má gbàdúrà mọ́. A ó kúkú máa jí ṣáájú àkùkọ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fún ìgbà díẹ̀. Wọn a tan fìtílà, wọn a kúnlẹ̀, ojú á máa wú bọ̀ǹbọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ba nǹkan jẹ́ kì í wọlé tariwo-tariwo. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti máa ń gba iwájú oníbodè kọjá láìwo ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Wọ́n sọ ọ́ ní Baba Ẹnubodè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a fà á mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ọ̀nà jíjìn, òun náà á gbé ẹ̀wù pupa kọ́ èjìká, á máa sọ tirẹ̀. Bó bá wá di òwúrọ̀, oorun á pọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹrù iyọ̀. Á kúnlẹ̀ lóòótọ́, á gbé orí lé ibùsùn, á sì máa hanrun. Ìyàwó á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé "Baba, jọ̀wọ́", òun á ti ní "Àmín".

Aránṣọ kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín. "Ẹni tó ṣe Àmín kí àdúrà tó jáde, ṣé kì í ṣe pé ó ti jẹun kí wọ́n tó dáná?"

Nígbà tó yá, oníbodè ò kúnlẹ̀ mọ́. Ó ní, "Máa gbà á lọ, mò ń gbọ́ ọ níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí." Nígbà tó tún yá, kò sọ ìyẹn pàápàá. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbodè fi ìbínú yí ojú sí ògiri.

"Ọlọ́run mọ ọkàn mi," ló wí.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni Aránṣọ dá a lóhùn. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ yìí o."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, baálé mi. Èmi náà mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ń jí lójoojúmọ́ tí o ò bá mi sọ̀rọ̀, tí ọdún fi yí po, ṣé ọkọ mi lo ṣì jẹ́, àbí ayálégbé?"

Láti ọjọ́ náà, Aránṣọ nìkan ló ń kúnlẹ̀, òun náà ló ń gbàdúrà, òun náà ló sì ń ṣe Àmín fún ara rẹ̀. Kò tún bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni ojú rẹ̀ rí lánàá. Ojú tí wọn kì í bi léèrè kì í sì í pẹ́ sú láti ríran. Oníbodè á dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á gba iwájú rẹ̀ kọjá, bó bá sì wọlé, kò ní lè sọ ojú ẹnì kan nínú wọn.

Èyí ló mú kó jẹ́ ohun ìyanu pé ó ṣàkíyèsí àwọn aláwọ kan. Alárù ni wọ́n, wọ́n ní awọ làwọn ń tà. Wọ́n wọ ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò pàtẹ, wọn ò ná ọjà ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde lọ, ọ̀kan nínú wọn dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdábùú ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

"Baba Ẹnubodè, igi yìí mà le o. Àwọn ta ló ń bá yín gbé e?"

"Èmi nìkan ni," ni oníbodè wí, ó sì na àyà.

"Ẹ kú agbára, bàbá." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo orí odi lókè, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà há oníbodè lọ́fun bí eegun ẹja. Lálẹ́, ó fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n Aránṣọ ti sùn nígbà tó fi ti ibi ọtí dé. Òun náà sùn.

Àkùkọ kọ. Nígbà tó lajú, ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di etí ibùsùn mú ṣinṣin.

"Baálé mi, wá, jọ̀ọ́. Ti òní nìkan. Ọkàn mi ò lélẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi níbí yìí, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Kí ni ojú rẹ rí lánàá?"

Oníbodè la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ ti wà létè rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ìlú láti ìta, gbọn-gbọn-gbọn, ohùn kan sì ń fi àwàdà pè é: "Baba Ẹnubodè! Ṣé inú ìrì la máa kú sí ni?"

Ó fa ẹ̀wù pupa rẹ̀ wọ̀. "Tí mo bá ti ṣí fún wọn, mo ń bọ̀," ló wí, ó sì jáde.

Kò gun orí odi. Kí lèèyàn fẹ́ rí nínú kùrukùru bẹ́ẹ̀? Ìdábùú náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí kó jẹ́ pé ọtí àná ló ṣì wà lápá rẹ̀. Ó gbé e, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀kùn ké, ó ṣí. Kùrukùru ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ làwọn alárù wá, ẹrù awọ lórí, wọ́n ń tò wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú ìrìn."

Wọ́n ń wọlé, wọn ò tán. Nígbà náà ni ohun kan wọ̀ ọ́ lára. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú wọn. Èrò tó sùn sínú ìrì kò lè ṣe kó má wúkọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣépè nítorí ẹrù, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì rẹ̀, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ké. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, tó ń lọ tó ń lọ, títí wọnú kùrukùru lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, níbi tí kò mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Ẹnì kan súfèé. Gbogbo ẹrù bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Pòròpórò ló wà nínú wọn, àti idà. Oníbodè gbé fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yìn idà gbá a lẹ́nu kí èémí rẹ̀ tó dé ibẹ̀, eyín àti ẹ̀jẹ̀ sì jọ dà sórí ẹ̀wù pupa náà, tí kò fi hàn lára rẹ̀. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn Aránṣọ tó ń pe orúkọ Jésù nínú yàrá, àti ìró bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìlú náà ti parí. Ọba kú sẹ́nu ọ̀nà ààfin rẹ̀, ìmùlẹ̀ tó bá àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ mu sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ilé àdúrà jóná, ọjà jóná, àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi okùn so mọ́ra lọ́rùn, ọkùnrin lẹ́yìn, obìnrin níwájú, tí wọ́n sì dà sójú ọ̀nà kan náà tí wọ́n ti ń yọ̀ pé ó ṣí.

Ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn oníbodè ni olórí oníṣòwò. Wọ́n ti bọ́ aṣọ àrán rẹ̀, ìbàǹtẹ́ nìkan ló kù sí i nídìí. Wọ́n jọ ń rìn, bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, ọrùn èkejì á gbà á. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, pàṣán ló sì ń dá ẹni tó bá la ẹnu lóhùn.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe fẹ́ dà wọ́n dìde nílẹ̀, ohùn kan gbéra láti iwájú lọ́hùn-ún, láàárín àwọn obìnrin. Ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣì mọ̀.

"Baba wa, ilẹ̀ ti mọ́. A dúpẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá wa láàyè."

Oníbodè gbé orí sókè. Ó ti rò pé Aránṣọ ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn ológun ti gbé pàṣán, ó ń sáré lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n olórí wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan, dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀. Ẹran tó bá ń dún kì í sọnù."

Bẹ́ẹ̀ ló di pé láràárọ̀ ni Aránṣọ ń gbàdúrà, tí àwọn obìnrin ń ṣe Àmín, tí àwọn ọkùnrin lẹ́yìn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, àtàwọn tí kò dé ilé àdúrà rí láyé wọn. Oníbodè nìkan ni kò lè ṣe é. Bó bá gbọ́ ohùn náà, inú rẹ̀ á dùn, ìtìjú á sì dì í lẹ́nu. Báwo lòun ṣe fẹ́ ṣe Àmín sí àdúrà tóun ti fi sílẹ̀ nínú yàrá, tóun fi lọ ṣílẹ̀kùn?

"Àdúrà yín yìí náà ni," ni olórí oníṣòwò sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nígbà tí àwọn ológun ń pọnmi. "Kí ló wá ṣe fún yín? Ṣé kì í ṣe okùn kan náà ló wà lọ́rùn wa?"

"Mi ò mọ ohun tó kó wa dé ibí," ni oníbodè wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ní kó o ṣí i," ni olórí oníṣòwò wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Aránṣọ gbàdúrà, oníbodè fi ẹnu rẹ̀ tí kò ní eyín mọ́ ṣe Àmín. Ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn iwájú náà dá dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́yìn, kó tó tẹ̀ síwájú.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tí ọkọ àti ìyàwó náà ń bá ara wọn sọ láyé ni àdúrà ọ̀hún àti Àmín rẹ̀. Wọn kò fojú kan ara wọn. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn kò tún fetí sí ohun tí obìnrin náà ń sọ, bí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò ṣe kì í gbọ́ ìró omi mọ́.

Ó wá di òwúrọ̀ kan, àdúrà náà yàtọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Baba, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣọ́ wa pé a ó dé oríta lónìí. Wọn ó ya àwọn obìnrin lọ́tọ̀, wọn ó tà wọ́n sí ọ̀nà kejì. Baba, bá mi sọ fún ọkọ mi. Sọ fún un pé mi ò bínú sí i. Mo bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tán. Sọ fún un kó jẹun tí wọ́n bá fún un lóúnjẹ, kó má ṣe agídí. Sọ fún un pé àdúrà kì í ṣe iṣẹ́ tèmi nìkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí kò bá gbọ́ ohùn mi, kó má rò pé Ìwọ lo dákẹ́."

Oníbodè kígbe Àmín náà. Ó kígbe rẹ̀ débi pé àwọn ẹyẹ fò lórí igi, pàṣán balẹ̀ sí i lẹ́yìn, ó tún kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n dé oríta náà. Wọ́n gé okùn láàárín. Ìlà àwọn obìnrin ya sí apá òsì, sínú eruku pupa, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bojú wẹ̀yìn. Oníbodè wò títí. Ó rí ẹ̀yìn obìnrin kan tó so ìró rẹ̀ tó ya pọ̀ ní ìdí, ó sì mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń gbé èjìká kan ga ju èkejì lọ, èjìká ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ tẹ̀ ba abẹ́rẹ́. Eruku bò ó, kò tún rí i mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Kò sí ohùn kankan.

Àwọn ọkùnrin náà wà ní ìjókòó, okùn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó mira. Oníbodè rí i pé wọ́n ń dúró, kódà àwọn tó ti máa ń yínmú. Ìdákẹ́jẹ́ náà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó burú ju pàṣán lọ. Láti ọjọ́ tó ti gbàgbọ́, ẹnu rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ àdúrà rí. Àmín nìkan ló mọ̀. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un là.

"Ẹ káàárọ̀, Baba," ló wí, bí ọmọ ṣe ń kí òbí rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀. Kò mọ èyí tó kàn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan tó ti há lọ́fun, tó dà bí ohùn ẹni tó ń bínú, ní "Àmín." Olórí oníṣòwò ni.

Oníbodè mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́," ló wí. "Ẹ bá mi ṣọ́ ìyàwó mi. Aránṣọ ni orúkọ rẹ̀."

Ibi tí wọ́n kó wọn dé ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ilẹ̀ líle kan tí eruku rẹ̀ funfun, tó ń wọ àyà èèyàn tí kì í jáde mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lo agbára wọn. Ọ̀pọ̀ kú. Àwọn mìíràn fẹ́yàwó láàárín àwọn ẹrú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n bímọ. Láràárọ̀, kí òòlù àkọ́kọ́ tó dún, oníbodè á dúró lẹ́yìn àgọ́, á kí Bàbá rẹ̀, á sì gbàdúrà. Lákọ̀ọ́kọ́, òun àti olórí oníṣòwò nìkan ni. Nígbà tó yá, wọ́n pọ̀. Àwọn ọ̀gá wọn lé wọn kúrò lẹ́yìn àgọ́, wọ́n lọ sídìí òkúta. Wọ́n lé wọn nídìí òkúta, wọ́n ń gbà á lójú ọ̀nà iṣẹ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n ti oníbodè mọ́lé nítorí rẹ̀, ó sì ń gbà á láti inú ilé náà, tí àwọn tó wà níta ń ṣe Àmín fún un.

Òfin ìdásílẹ̀ ẹrú dé nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ti sọ fún wọn pé igbó ti hù bo ìlú wọn, pé ẹranko ń bímọ sí ààfin. Oníbodè kò lọ. Gbogbo èrò tó bá kọjá ló ń bi pé ṣé wọ́n gbúròó obìnrin kan níbì kankan, tó ń ránṣọ, tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí òwúrọ̀ kan tí kò dárúkọ rẹ̀, kò sì fi ọjọ́ kan dárúkọ rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń dárúkọ òkú.

Ó kú ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, láàárín ọ̀sán, nígbà tó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olórí oníṣòwò, tí ogbó ti tẹ̀ lórí ọ̀pá, ló dúró níwájú wọn. Ohùn rẹ̀ kò dán. Ó kí Ọlọ́run, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó gbàdúrà fún òjò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Baba, ẹ bá wa ṣọ́ Aránṣọ níbi yòówù tó wà."

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ pé orí òkúta yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Wọn ò rí obìnrin náà rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé, tàbí bóyá ó tilẹ̀ jìnnà sí oríta tí eruku ti bò ó kó tó ṣubú. Wọ́n ní "Àmín," wọ́n gbé òòlù wọn, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́.